Root canal tí dókítà ní kí n wá ṣe yìí, báwo ló ṣe máa ń rí? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an

Ìyá Fẹ́mi, Àpáta:

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ eyín ló gbé mi wá síbí lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí tàbí tó mọ iṣẹ́ yẹn kó bá mi dá sí i dáadáa, torí gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ létí ẹ̀, ohun tó yàtọ̀ ni kálukú ń sọ, ọ̀rọ̀ wọn sì ń dá kún ẹ̀rù mi ni.

Eyín mi kan nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, èyí tó wà lẹ́yìn tá a fi ń rún ẹran, ó ti ní ihò tipẹ́. Kì í dùn mí tẹ́lẹ̀, mo kàn máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹun ni. Àmọ́ láti oṣù tó kọjá nǹkan ti yí padà. Tí mo bá mu omi tútù á ta mí, tí mo bá mu tíì gbígbóná á tún burú jùyẹn lọ, ìrora yẹn ò sì ní tètè lọ, á máa bá mi jókòó ṣáá ni. Èyí tó wá fẹ́ pa mí ni ti òru. Bí mo bá ti forí lé pílò báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì, á gba etí, á gba àgbárí, màá dìde jókòó, màá rìn káàkiri pálọ̀, ọkọ mi á ní kí ló dé, mi ò ní lè dáhùn. Mo ti ra Ampiclox àti Flagyl ní kẹ́míìsì, mo ti fi kànáfùrù sí i, mo ti fi omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ẹnu, á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún padà dé.

Ọkọ mi ló ní ó tó gẹ́ẹ́, ló bá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Wọ́n ya x-ray, wọ́n fi òwú tútù kan kan eyín náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lórí àga. Dókítà wá ní inú eyín yẹn ti bàjẹ́ débi pé ká kàn dí ihò ẹ̀ nìkan ò lè ràn án mọ́, ọ̀nà méjì ló kù, ká yọ ọ́ tàbí ká ṣe root canal. Ó ní gbòǹgbò ẹ̀ ṣì dúró dáadáa, tó bá jẹ́ tòun ni, òun ò ní yọ ọ́. Mo ní màá ronú sí i, mo bá gba ilé lọ, títí di ìsinsìnyí mo ṣì ń ronú.

Ohun tó ń já mi láyà, màá sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré wọ́n yọ eyín mi kan, àgbàlagbà méjì ló dì mí mú, mi ò gbàgbé ẹ̀ rí, tí mo bá ti rí abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́nu báyìí ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àǹtí mi kan sì ní root canal yìí dùn ju ìrọbí lọ. Mo bí ọmọ mẹ́ta, mo mọ ohun tó ń jẹ́ ìrọbí o. Ìyá kan tá a jọ ń tajà ní Bódìjà tún ní tí wọ́n bá ti fa iṣan inú eyín yọ, ó lè kan ojú tàbí ọpọlọ. Mo tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ń lo oògùn ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí gan-an ni wọ́n máa ń ṣe síbẹ̀? Ṣé ó ń dùn lóòótọ́? Kí ni mo lè ṣe tí mi ò fi ní sá kúrò lórí àga? Àbí kí n kàn ní kí wọ́n yọ ọ́ kí n sinmi?

Kúnlé Mọ́kọ́lá:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà. Eyín ìsàlẹ̀ bíi tiyín yìí gan-an ni wọ́n ṣe fún mi, nítorí náà màá sọ bó ṣe rí, mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní bù kúrò níbẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, dókítà fi òwú pa oògùn kan tó ki bíi jẹ́lì sí erìgì mi, ó ní kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ara ibẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó mú abẹ́rẹ́, kò gbé e gba iwájú mi, ẹ̀gbẹ́ ló gbé e gbà. Ó ta mí fírí, ó wá ń ti oògùn náà wọlé díẹ̀díẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ lójú mi, àmọ́ pípẹ́ yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó má dùn, torí tí wọ́n bá yára tì í wọlé ni ara máa ń kọ̀ ọ́. Láìpẹ́ ètè mi wúwo, ìdajì ahọ́n mi wúwo, mò ń fọwọ́ kan àgbọ̀n mi, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ó fi irin kan eyín náà, ó bi mí pé ṣé mò ń mọ̀ ọ́n. Mo ní mo ṣì ń mọ̀ ọ́n díẹ̀. Kò bínú, kò sì ní kí n fara dà á, ńṣe ló tún fún mi ní abẹ́rẹ́ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín yẹn gan-an, ó ní eyín tó bá ń gbóná lọ́wọ́ bíi tèmi yìí máa ń ṣagídí sí abẹ́rẹ́, pàápàá eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ìgbà tó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, kò sí nǹkan kan.

Wọ́n wá ta rọ́bà pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù kan bo ẹnu mi, ihò wà láàárín ẹ̀ tó jẹ́ pé eyín yẹn nìkan ló yọrí síta. Mo ti ń rò pé mi ò ní lè mí, àmọ́ imú ni mo fi ń mí, kò sí wàhálà. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ lókè. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ni mo kórìíra jù nínú gbogbo ẹ̀, mò ń gbọ́ ọ nínú egungun orí mi, àmọ́ ìyẹn ò pẹ́. Èyí tó kù, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, àwọn irin tín-ín-rín kan báyìí tí wọ́n fi ike ṣe ìdí wọn, funfun, yẹ́lò, pupa, búlúù, dókítà á ti ọ̀kan bọ inú gbòǹgbò, á yí i, á fà á, á fi omi ṣàn án, á tún mú èyí tó nípọn jù ú lọ díẹ̀. Omi yẹn ń rùn bíi Jik. Wọ́n tún fi wáyà kékeré kan kọ́ mi létè, ẹ̀rọ kan á máa ké píì píì tí irin bá ti ń sún mọ́ ìdí gbòǹgbò, ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n dé. Ìrora? Kò sí mà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ro mí torí ẹnu tí mo yà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ kúrò lára mi lálẹ́, ibẹ̀ ń ro mí díẹ̀, mo lo oògùn tí wọ́n kọ fún mi, mo bá sùn. Ẹ gbọ́ o mà, mo sùn mọ́jú! Fún ọjọ́ mélòó kan, tí mo bá fi eyín yẹn gé nǹkan ó máa ń ro mí, ó sì tán. Ìgbà tí mo padà lọ kí wọ́n lè dí i pa, mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà Eyín Ìbàdàn:

Ìyá Fẹ́mi, ẹ kú ìfaradà mà. Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe níbí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí ẹni tó ń bẹ̀rù bíi tiyín, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ torí mo ti kíyè sí i pé tẹ́nì kan bá ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, ìdajì ẹ̀rù yẹn á ti lọ.

Ẹ wo àwúsá. Èèpo ẹ̀ le, nǹkan rírọ̀ ló wà nínú ẹ̀. Eyín náà nìyẹn. Nǹkan rírọ̀ tó wà nínú eyín ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni iṣan tó ń mọ ìrora wà, ó sì gba inú gbòǹgbò sọ̀ kalẹ̀ lọ títí dé ìdí ẹ̀. Eyín iwájú sábà máa ń ní ojú ọ̀nà kan, eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀ bíi tiyín sábà máa ń ní mẹ́ta, ó lè di mẹ́rin nígbà mìíràn, ìdí tí tẹ̀yìn fi máa ń pẹ́ ju tiwájú lọ nìyẹn. Tí ihò bá ti jìn dé ibi rírọ̀ yẹn, kòkòrò àìsàn á wọlé, ibẹ̀ á fẹ́ wú. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi gbá nǹkan, á wú, ẹ sì máa rí i. Àmọ́ inú eyín ò láyè tó fi máa wú, ògiri ẹ̀ ò gbà, ńṣe ló ń fún ara ẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ìyẹn ló ń lù kì kì kì. Tẹ́ ẹ bá sì ti dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sórí á pọ̀ sí i, ló fi jẹ́ pé òru ló máa ń le jù. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, omi gbígbóná, òru, ìrora tí kì í tètè lọ, àmì pé ibi rírọ̀ yẹn ò lè sàn padà mọ́ ni.

Ampiclox àti Flagyl ò lè wò ó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á mọ́. Inú eyín tó ń kú lọ ò ní ẹ̀jẹ̀ tó máa gbé oògùn débẹ̀. Tí àìsàn bá ti jáde sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ibẹ̀ wú, tí ibà ń ṣe yín, ìgbà yẹn la máa ń kọ ọ́, a ó sì tún tọ́jú eyín náà pẹ̀lú ẹ̀. Kànáfùrù tẹ́ ẹ lò, ó nídìí, òróró inú ẹ̀ tó ń jẹ́ eugenol wà lára ohun tí àwa náà ń pò mọ́ oògùn tá a fi ń dí eyín fúngbà díẹ̀. Ó ń mú ara tù, kì í wo àrùn. Mo bẹ gbogbo ẹni tó ń ka èyí, ẹ má fi omi bátìrì sí eyín, ẹ má fi kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi ògógóró sí i. Mo ti rí erìgì tó bó torí ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn mà. Tí ìrora yẹn bá dédé lọ lọ́jọ́ kan tí ẹ ò ṣe nǹkan kan sí i, ẹ má rò pé ó ti sàn o. Iṣan yẹn ló kú. Àìsàn á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ ní ìdí gbòǹgbò láìpariwo, tó bá yá á di ọyún, á sì máa jẹ egungun àgbọ̀n.

Root canal ni pé ká ṣí eyín náà lókè, ká kó ohun tó ti bàjẹ́ yẹn kúrò pátápátá, ká fọ inú gbòǹgbò mọ́, ká wá dí i pa kí kòkòrò má bàa padà wọlé. Omi tí Kúnlé ní ó ń rùn bíi Jik, òótọ́ ló sọ, èròjà kan náà ni, sodium hypochlorite, òun ló ń pa kòkòrò tó sá sí kọ̀rọ̀ tí irin ò lè dé. Ìdí nìyẹn tí rọ́bà bo ẹnu yẹn fi ṣe pàtàkì, kì í jẹ́ kí omi yẹn kan ọ̀fun yín, kì í jẹ́ kí irin jábọ́ sí ọ̀fun, kì í sì í jẹ́ kí itọ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Torí wàhálà itọ́ yìí ni dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, Sanford Barnum, fi kọ́kọ́ lò ó lọ́dún 1864, títí dòní a ò tíì rí ohun tó dáa jù ú lọ. Ohun tá a fi ń dí gbòǹgbò, gutta-percha, oje igi kan láti apá Malaysia lọ́hùn-ún ni, ó máa ń rọ̀ tí iná bá kàn án, ara sì gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn la máa ń dí òkè eyín, tó bá jẹ́ eyín ẹ̀yìn a máa ń fi crown, ìyẹn ìbòrí tá a ṣe bí eyín, bò ó, torí eyín tá a ti gbẹ́ inú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè là sí méjì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi gé eegun. Ẹlòmíràn máa ń parí lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíràn á padà wá, ó dá lórí bí àìsàn ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti ìrora. Àwọn tó ń sọ pé ó dùn ju ìrọbí lọ, púpọ̀ nínú wọn, ìrora tó gbé wọn wá ni wọ́n ń rántí. Èèyàn ò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, ó dé orí àga tòun ti ìrora, gbogbo ẹ̀ á wá papọ̀ di "root canal" lọ́kàn ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn kan wà tí ó dùn lóòótọ́ torí pé abẹ́rẹ́ ò tíì mú dáadáa tí wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ nǹkan kan lára, ẹ dá wọn dúró, ẹ̀tọ́ yín ni, ọ̀nà tá a lè gbà mú kí ara ibẹ̀ kú ju ẹyọ kan lọ. Mi ò ní rò pé ẹ ń yọ mí lẹ́nu tẹ́ ẹ bá dá mi dúró, ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn.

Ti ojú àti ọpọlọ, rárá mà. Iṣan tá a ń yọ yẹn, ti eyín yẹn nìkan ṣoṣo ni, kò ní í ṣe pẹ̀lú ojú yín.

Ìyá Fẹ́mi, Àpáta:

Ẹ ṣé o dókítà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yín máa tutù. Kúnlé ọmọ mi, ẹ ṣé gan-an. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ńkọ́? Ìgbà kan tí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ẹnu, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já kì kì, mo rò pé mo fẹ́ kú ni.

Dókítà Eyín Ìbàdàn:

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ẹnu, lidocaine, oògùn tó ń mú kí ara ibẹ̀ kú, nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀, adrenaline díẹ̀ máa ń wà pẹ̀lú ẹ̀ kí oògùn lè pẹ́ níbi tá a fi sí. Adrenaline yẹn ló lè mú kí àyà já fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì máa ń dá kún un torí ara èèyàn fúnra ẹ̀ máa ń ṣe adrenaline tí ẹ̀rù bá ń bà á. Á lọ fúnra ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ó ti ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n lè dín in kù, tàbí kí wọ́n lo irú tí kò ní in.

Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bẹ́ ẹ ṣe máa ń lò ó, ẹ má fò ó, ẹ sì jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ebi wá torí wọ́n rò pé iṣẹ́ abẹ ni, ebi àti ẹ̀rù lápapọ̀ ló ń mú kí òòyì kọ́ wọn. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Tó bá lọ sí bíi 180/110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ rí dókítà tó ń tọ́jú yín ná, ẹ má bínú sí wọn.

Alhaja Òjé:

Àlàáfíà fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yìí ni mo fẹ́ dá sí torí mo mọ̀ ọ́n. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n bá ti mẹ́nu kan dókítà eyín, inú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ ò le rárá, mo sọ ọ́ jáde ni. Orí fóònù tí mo fi ń gba ọjọ́ gan-an ni mo ti sọ ọ́, mo ní ẹ wò ó, ẹlẹ́rù ni mí o, wọ́n ti ṣe mí ṣúkaṣùka ní kékeré, ẹ má kánjú mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn a kàn jókòó sọ̀rọ̀ ni, kò fi irin kankan kàn mí lẹ́nu.

Ó wá ní kí n yan àmì, pé tí mo bá ti na ọwọ́ òsì sókè, ohun yòówù kó máa ṣe, òun á dúró. Mo dán an wò nígbà tí kò tiẹ̀ tíì dùn mí rárá, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá á dúró lóòótọ́. Ó dúró. Ó gbé gbogbo ohun ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó ní Màmá kí lẹ fẹ́. Ibẹ̀ ni ara mi ti balẹ̀, Ìyá Fẹ́mi, torí ohun tó ń dẹ́rù bà èmi ju abẹ́rẹ́ lọ ni pé mi ò ní lè sọ̀rọ̀, ẹnu mi kún, ẹnì kan wà lórí mi, kò sì ní gbọ́ mi. Ẹ̀yin tí wọ́n dì mú ní kékeré yìí, mo rò pé ohun tó ń ṣe yín náà nìyẹn.

Àwọn nǹkan yòókù: mo gba àárọ̀ kùtù, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, kí n má bàa jókòó títí kí n máa gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lára ẹlòmíràn. Mi ò mu kọfí. Ọmọ mi obìnrin tẹ̀ lé mi. Mo mú tẹ̀súbà mi dání, mò ń fà á lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò mí láyà, mò ń fi imú fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀, mò ń jẹ́ kó jáde pẹ́ ju bí mo ṣe fà á wọlé lọ. Mo ní kó máa sọ fún mi kó tó ṣe ohunkóhun, àmọ́ kó má fi hàn mí. Ẹlòmíràn fíìmù lá fẹ́ wò, ẹlòmíràn Kùránì tàbí orin lá fi sétí, ẹ mọ ara yín, ẹ yan èyí tó bá yín mu.

Baba Challenge:

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Owó root canal yìí ju owó yíyọ eyín lọ fíìfíì, wọ́n á tún wá ní kẹ́ ẹ san ti crown lọ́tọ̀. Ìyá Fẹ́mi, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ sinmi, eyín yòókù ṣì pọ̀ lẹ́nu. Ẹnì kan sì tún fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé eyín tí wọ́n ti ṣe root canal sí máa ń fa jẹjẹrẹ, ẹ jọ̀ọ́ dókítà ẹ yẹ ìyẹn wò fún wa torí ọmọ mi náà fẹ́ ṣe é.

Dókítà Eyín Ìbàdàn:

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ sà. Ọ̀rọ̀ owó tẹ́ ẹ sọ, òtítọ́ ni, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí tó bá yan yíyọ torí owó. Yíyọ tún ni ọ̀nà tó dáa jù nígbà mìíràn, bí gbòǹgbò bá ti là, tàbí tí ohun tó kù lókè eyín ò tó ohun tá a lè mú dúró. Àmọ́ tí wọ́n bá yọ eyín ẹ̀yìn tó lágbára, àlàfo yẹn kì í jókòó jẹ́ẹ́. Eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á máa tẹ̀ síbẹ̀, èyí tó dojú kọ ọ́ lókè á máa sọ̀ kalẹ̀, oúnjẹ á máa há sáàárín wọn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá ní kí wọ́n fi eyín mìíràn síbẹ̀, owó yẹn lè ju ti root canal lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ti crown pẹ̀lú ẹ̀. Ẹni tó ní HMO, ìyẹn ètò ìbánigbófò ìlera, kó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa san. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì níbí n'Ìbàdàn, náà ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín, ẹ lè lọ wádìí níbẹ̀ náà kẹ́ ẹ fi wéra. Ibi yòówù kẹ́ ẹ lọ, ẹ rí i dájú pé dókítà eyín tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló máa ṣe é, kì í ṣe ẹni tó kàn mọ eyín yọ.

Ti jẹjẹrẹ yẹn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, Weston Price, ló ń sọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé irú eyín bẹ́ẹ̀ ń fa àìsàn sí ibòmíràn lára. Nígbà tí àwọn mìíràn fara balẹ̀ tún iṣẹ́ ẹ̀ ṣe, wọn ò rí ohun tó ní òun rí. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló pàdánù eyín tó yẹ kó ṣì wà lẹ́nu wọn torí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹ̀rí pé root canal ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lọ ṣe é. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé nínú àwọn kan iṣẹ́ náà lè má jókòó dáadáa, kó tún wú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí wọ́n tún un ṣe.

Tóyọ̀sí Àgbowó:

Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, mo lóyún oṣù márùn-ún, irú ìrora yìí ń ṣe mí. Màmá mi ní kí n dúró títí màá fi bímọ.

Dókítà Eyín Ìbàdàn:

Má dúró o, Tóyọ̀sí. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni àkókò tó rọrùn jù lọ fún ìtọ́jú eyín nínú oyún, ó bọ́ sí i gan-an ni. Lidocaine ò léwu fún ọmọ, x-ray eyín náà kéré, wọ́n sì lè fi aṣọ olójé bo ikùn ẹ. Àìsàn tó ń tàn nínú àgbọ̀n ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Paracetamol ni kó o máa lò títí wàá fi lọ, má lo ibuprofen, sọ fún wọn pé o lóyún kó o tó jókòó, kí wọ́n má sì tẹ́ àga yẹn sílẹ̀ pátápátá fún ẹ.

Alhaja Òjé:

Mo gbàgbé ohun kan. Ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀ bá pọ̀ débi pé gbogbo èyí tí mo sọ ò ràn án lọ́wọ́, àwọn ibì kan ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n máa ń fi sí imú tó ń mú kí ara balẹ̀, ó sì ní oògùn tí dókítà lè fúnni lò kó tó jókòó. Ọ̀dọ̀ wọn ni kó ti wá o. Ẹ má lọ ra Valium ní kẹ́míìsì kẹ́ ẹ gbé e mì fúnra yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn mìíràn. Tẹ́ ẹ bá sì lo oògùn bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú yín relé, ẹ má dá wọ táksí Máíkírà nínú oorun.

Ìyá Fẹ́mi, Àpáta:

Mo ti pè wọ́n. Mo sọ ọ́ bí Alhaja ṣe ní kí n sọ ọ́, obìnrin tó gbé fóònù ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun á kọ ọ́ sára fáìlì mi. Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀ ni, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lóhùn. Ọkọ mi ń bá mi lọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o, àmọ́ mò ń lọ. Ṣé mo lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ẹ̀? Kí ni mo lè jẹ?

Dókítà Eyín Ìbàdàn:

Inú mi dùn gan-an mà. Ẹ lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù tára yín bá gbé e. Ẹnu yín lè kú fún wákàtí méjì sí mẹ́rin, ẹ má jẹun títí á fi jí, ẹ má sì mu nǹkan gbígbóná, torí ẹ lè bu ètè ara yín jẹ láìmọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àmàlà pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì, ẹ jẹ ẹ́ dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kejì ni kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́. Ẹ má fi eyín yẹn kan àgbàdo sísun, ẹ̀pà tàbí eegun títí wọ́n á fi bò ó. Ohun tí wọ́n fi dí i fúngbà díẹ̀ yẹn, bó bá bọ́ tán pátápátá, ẹ pè wọ́n, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, torí itọ́ á wọlé padà. Oògùn ìrora tẹ́ ẹ máa lò, ẹ bi wọ́n, torí ibuprofen àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, pàápàá tẹ́ ẹ bá lò ó pẹ́, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ò sì bá a rẹ́, paracetamol ló sábà máa ń bá irú yín mu.

Ríro díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Àmọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ń wú sí i, tí ibà dé, ẹ padà lọ. Tí wíwú bá lọ sí abẹ́ àgbọ̀n, tí ẹ ò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí èémí ń le, ilé ìwòsàn ńlá ni tààrà lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Ẹ kó sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín dání lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fojú ara wọn ka orúkọ ẹ̀.